Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ìlera àdúgbò? Ohun tí wolé-wolé òde òní ń wò, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè wò ó

Tí ara ọmọ bá gbóná, ilé ìwòsàn la máa ń gbé e lọ. Wọ́n á wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á sì fún un lóògùn. Ara ọmọ á yá. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ọmọ kan náà á tún padà wá pẹ̀lú ibà kan náà.

Tọ́rọ̀ bá ti rí báyìí, kì í ṣe ara ọmọ nìkan ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò mọ́. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ibi tó ń gbé wò pẹ̀lú: gọ́tà iwájú ilé, kànga ẹ̀yìnkùlé, èéfín tó ń wọlé lóru, àti iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ yìí làwọn onímọ̀ ìlera ń ṣe tí wọ́n bá ní àwọn ń wọn ipò àdúgbò. Àlàyé rẹ̀ rèé, àti ìdí tó fi kan gbogbo ẹni tó ń gbé ìgboro.

Kí ló ń jẹ́ wíwọn ipò àdúgbò?

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le rárá. Ó jẹ́ kí èèyàn mú ohun tí gbogbo wa ń fojú rí tàbí tí a ń ráhùn lé lórí, kó sọ ọ́ di iye tí a lè kọ sílẹ̀, kó lè ṣeé fi wé ti àdúgbò mìíràn tàbí ti ọdún tó kọjá.

"Ẹ̀fọn pọ̀ ládùúgbò wa" kì í ṣe ìwọ̀n. Àmọ́ tẹ́nì kan bá wọ ilé 40, tó sì bá tanwíjí nínú omi ilé 10, ìwọ̀n nìyẹn: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí wọ́n bá da omi wọ̀nyẹn nù, tí wọ́n padà lọ wò lẹ́yìn oṣù méjì, tó sì jẹ́ ilé mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí tanwíjí, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé iṣẹ́ ti ṣe. Tó bá ṣì jẹ́ 10 tàbí tó di 15, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé nǹkan ti dáa.

Ibo ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀kan nínú ìtàn tí wọ́n máa ń sọ jù ni ti dókítà John Snow nílùú London. Lọ́dún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Soho, ó sì pa èèyàn tó lé ní 600. Nígbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń fa àrùn náà.

Snow kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ó wádìí ibi tí àwọn tó kú ń gbé. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé nítòsí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street. Ó gbé ẹ̀rí yìí lọ bá àwọn aláṣẹ àdúgbò, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò kẹ́nikẹ́ni má baà lè fà á mọ́. Nígbà tí wọ́n wá hú ibẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé kòtò ìgbẹ́ àtijọ́ kan wà nítòsí kànga náà, ó sì ń jò wọ inú rẹ̀.

Nílẹ̀ Nàìjíríà, Èkó ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ ńlá. Lọ́dún 1924, àrùn tí eégbọn ara eku máa ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ nílùú náà. Ilé tó fún mọ́ra, gọ́tà tó dí àti ìdọ̀tí tí eku ń jẹ wà lára ohun tí àwọn aláṣẹ ìgbà náà tọ́ka sí. Èyí ló bí Lagos Executive Development Board lọ́dún 1928, ìyẹn àjọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti tún Èkó tò.

Àwọn àgbà sì ṣì rántí wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni, á wọlé láì sọ tẹ́lẹ̀, á ṣí ìkòkò omi, á wo ibi ìdáná, á wo ilé ìgbẹ́. Tó bá rí tanwíjí nínú àmù, onílé ti wọ gàù nìyẹn. Ẹ̀rù wọn máa ń ba èèyàn, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an ni wíwọn ipò àdúgbò. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé fóònù, sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà ti kún ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí.

Kí ni wọ́n máa ń wọ̀n gan-an?

Ohun tí wọ́n ń wò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́jọ yìí ló kan ará ìgboro jù.

*1. Omi.* Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, báwo ló ṣe jìnnà sí? Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti UNICEF ń lò ni pé kí lílọ, títò sórí ìlà àti bíbọ̀ má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Èkejì, ṣé omi náà mọ́? Kì í ṣe ojú la fi ń mọ ìyẹn. Omi tó mọ́ lójú lè ní kòkòrò láti inú ìgbẹ́ nínú. Òdiwọ̀n WHO ni pé nínú mìlílítà 100 omi mímu, kò gbọdọ̀ sí kòkòrò E. coli kankan, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan.

*2. Ilé ìgbẹ́.* Wọ́n ń wo iye ilé tó ní, iye ìdílé tó ń pín ẹyọ kan lò, àti bó ṣe jìnnà sí kànga. Òdiwọ̀n tí wọ́n máa ń lò ni mítà 30 láàárín ṣálángá àti kànga, kí ìsàlẹ̀ ṣálángá sì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó kéré tán ní mítà kan ààbọ̀. Mítà 30 ò jìnnà: nǹkan bí ìṣísẹ̀ 40 àgbàlagbà ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìgboro ni kò ní ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Kànga ẹ lè jìnnà sí ṣálángá tìẹ, kó wá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ti aládùúgbò ẹ wà.

*3. Gọ́tà àti ìdọ̀tí.* Mítà mélòó ni gọ́tà tó wà ní òpópónà? Mélòó nínú rẹ̀ ló dí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń kó ilẹ̀ lọ́sẹ̀? Ààtàn mélòó ló wà létí odò? Ìbàdàn kò ní gbàgbé ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ nílùú náà, èèyàn tó lé ní 100 ló sì bá a lọ. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí ojú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú àgbàrá wà lára ohun tó sọ òjò di ikú.

*4. Ẹ̀fọn.* Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń yé sínú omi tó dúró sójú kan, irú èyí tó wà nínú kòtò ojú títì. Ó máa ń jẹ èèyàn lóru. Èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri yàtọ̀ ní tiẹ̀: ọ̀sán ló ń jẹ èèyàn, inú dúrọ́ọ̀mù, táyà àlòkù àti agolo ló ń yé sí. Fún ti èkejì yìí, wọ́n ń ka iye ilé tí tanwíjí wà, wọ́n sì ń ka iye ohun èlò omi tó ní tanwíjí nínú fún ilé 100. Bí wọ́n bá rí dúrọ́ọ̀mù àti táyà 16 tó ní tanwíjí nínú ilé 40, 40 fún ilé 100 nìyẹn.

*5. Afẹ́fẹ́.* Èéfín jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀, igi ìdáná, kẹrosíìnì àti ààtàn tí wọ́n ń dáná sun ní èérún tó kéré gan-an, tó kéré ju irun orí lọ ní nǹkan bí ìgbà 30. PM2.5 ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2021, WHO dín òdiwọ̀n rẹ̀ kù láti máíkírógíráàmù 10 sí 5 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ fún odidi ọdún. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n lè gbé kọ́ sára ògiri ló ń wọ̀n ọ́n.

*6. Ariwo.* Désíbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì ń bá ara wọn sọ máa ń wà ní nǹkan bí 60. WHO ní kí etí èèyàn má gbọ́ ohùn tó tó 80 ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn máa ń dí èèyàn lọ́wọ́ oorun, ẹni tí kò sì rí oorun sùn dáadáa wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru.

*7. Ilé gbígbé.* UN-Habitat ka ilé sí èyí tó há jù tí ó bá ju èèyàn mẹ́ta lọ tó ń gbé inú yàrá kan. Ẹni tó ti gbé ilé face-me-I-face-you rí á mọ̀ pé kì í pẹ́ kọjá mẹ́ta. Wọ́n tún ń wo fèrèsé, nítorí ikọ́ ife máa ń rìn nínú afẹ́fẹ́ yàrá tí kò ní ojú ìmí. Wọ́n ń wo òrùlé páànù tí kò ní sílìǹ, nítorí ooru.

*8. Ọ̀nà àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà.* Ètò ìjọba ni pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé kan tó ń ṣiṣẹ́, ó kéré tán. Àmọ́ kì í ṣe pé ilé náà wà nìkan ni wọ́n ń wò. Ìṣẹ́jú mélòó ni aláboyún máa lò kó tó débẹ̀ lóru? Ṣé ọkọ̀ lè wọ ibẹ̀ lásìkò òjò? Ṣé nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé iná wà lójú títì?

Kí nìdí tí iye ti gbogbo ìlú kò fi tó?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìlú kan ní àdúgbò méjì, ilé 100 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àdúgbò àkọ́kọ́, ilé 95 ló ní ilé ìgbẹ́ tó dáa. Ní èkejì, ilé 25 péré ni. Tí ìjọba bá pa méjèèjì pọ̀, 120 nínú 200 nìyẹn, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á kọ ọ́ síwèé pé ìlú náà ń gbìyànjú. Ẹni tó ń gbé àdúgbò kejì ò sí nínú ìwé yẹn rárá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìwádìí ńlá tó ń wo ìlera àwọn ìdílé ní Nàìjíríà lè sọ bí ìpínlẹ̀ kan ṣe rí fún wa, kò lè sọ bí òpópónà kan ṣe rí. Ètò ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ọdún 2006 ni. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tó kún fọ́fọ́ lónìí, oko ni wọ́n nígbà yẹn. Tí a ò bá mọ iye èèyàn tó wà níbì kan, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn 20 pọ̀ jù níbẹ̀?

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń lọ láti ilé dé ilé. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ láti University of Ibadan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti University of Warwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìdíkàn, Ṣáṣá àti Bódìjà. Wọ́n ṣe é ní Nairobi, Karachi àti Dhaka pẹ̀lú. Wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán sátẹ́láìtì ya gbogbo ilé, wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láti mọ èyí tó jẹ́ ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ìdílé léèrè nípa ìlera wọn.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ní Bódìjà kan náà, apá ibi tí ọjà wà àti apá ibi tí àwọn olówó ń gbé kò jọra. Títì lásán ló pín wọn níyà. Ìwọ̀n tó bá kó wọn pọ̀ kò sọ òótọ́ nípa ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé

Iye lásán kì í yé gbogbo èèyàn, pàápàá ẹni tó fẹ́ pín owó. WHO mọ èyí, ni wọ́n bá gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Urban HEART jáde lọ́dún 2010. Ó rọrùn: wọ́n á to orúkọ àwọn àdúgbò sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á to ohun tí wọ́n wọ̀n sókè, wọ́n á wá fi àwọ̀ kun àárín. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó dáa. Àwọ̀ ìyeyè ní kí wọ́n ṣọ́ra. Pupa ní kí wọ́n dìde.

Ìlú Tehran ní Iran lò ó láti fi àwọn agbègbè ìlú náà tó jẹ́ 22 wéra. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ náà á wo bébà bẹ́ẹ̀, á mọ àdúgbò tí pupa ti pọ̀ jù.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ibí yìí ló yẹ ká ti ṣọ́ra. Ìwọ̀n lè gba àdúgbò là, ó sì lè lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò.

Lọ́dún 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ibẹ̀ há, ó sì dọ̀tí. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tó ní ojú ìmí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùwádìí Peter Marris tẹ ìwé jáde nípa wọn lọ́dún 1961, ohun tó rí ni pé ọjà ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ti wọlẹ̀ nítorí àwọn oníbàárà wọn ti jìnnà, owó ọkọ̀ ti pọ̀, ẹbí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ sì ti túká. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ka yàrá, ó ka gọ́tà. Kò ka mọ̀lẹ́bí, kò sì ka oúnjẹ òòjọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 1990, wọ́n wó Màrókò l'Ékòó. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 èèyàn ni wọ́n ní kò rílé gbé mọ́.

Nítorí náà, tẹ́nikẹ́ni bá wá wọn àdúgbò yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi í: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ta ló máa rí i? Ṣé ẹ máa padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa? Wọn kò sì gbọdọ̀ so àìsàn mọ́ orúkọ ẹnì kankan tàbí nọ́ńbà ilé kankan níta gbangba.

Ṣé ará àdúgbò lè ṣe é fúnra wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ayálégbé, ìyálọ́jà tàbí àwọn ọ̀dọ́ lè ṣe èyí láì ná owó ńlá:

• Ẹ ya òpópónà yín sórí bébà. Ẹ fi nọ́ńbà sí ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àmì sí kànga, ṣálángá, gọ́tà àti ààtàn.

• Ẹ má wọn gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń yọ yín lẹ́nu jù.

• Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo ilé. Tí ẹ bá bi ilé kan pé "ṣé gọ́tà yín dí?", tí ẹ wá bi ìkejì pé "ṣé gọ́tà yín ò burú?", ìdáhùn wọn ò ní ṣeé fi wéra.

• Ẹ kọ iye ilé tí ẹ wọ̀, kì í ṣe iye ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ nìkan. Mẹ́wàá nínú 40 yàtọ̀ sí mẹ́wàá nínú 200.

• Ẹ má fo ilé tí kò sí èèyàn nílé lọ́sàn-án. Ẹ padà lọ ní ìrọ̀lẹ́, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ títí di alẹ́ náà ń gbé àdúgbò.

• Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn àti lásìkò òjò. Kànga tí omi rẹ̀ dáa lóṣù Kejì lè bàjẹ́ lóṣù Keje.

• Fún omi, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó di pé èsì dé, ẹ se omi mímu títí yóò fi hó yaya.

• Fún ariwo, áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù. Kò péye tó ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n ó lè fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán àti òru hàn yín.

Tí ẹ bá parí, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ fún kańsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀dà kan, ẹ fún ẹ̀ka ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀dà kan, kí wọ́n sì buwọ́ lu tiyín pé àwọn gbà á. Ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín, torí òun lẹ máa fi ṣe ìfiwéra lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tó yẹ ká rántí

Ìwọ̀n kì í ko gọ́tà, kì í sì í wo ibà sàn. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun kò mọ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé pé ilé 30 nínú 40 ń pọn omi nínú kànga tí kò jìnnà tó mítà 30 sí ṣálángá, tí onígbáméjì wá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè pè é ní àmúwá Ọlọ́run.

Ìdajì iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé fúnra wọn. Dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí, táyà tó gba omi òjò, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n jù sínú gọ́tà, kò sí ìjọba tó máa wá kó wọn lójoojúmọ́. Wolé-wolé àtijọ́ kì í sábàá wá mọ́. Àmọ́ tanwíjí tó ń wá kiri nígbà náà ṣì wà nínú omi, ẹni tó bá ṣí ìdérí á rí i.